Ẹfun tàbí Gàrí: bí a ṣe yan ọ̀dà yàrá Màámi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni èmi àti ìyàwó mi fi jiyàn lórí ọ̀dà ògiri yàrá kan ṣoṣo. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Manchester ni, èyí tí a ń kó ẹrù pamọ́ sí tẹ́lẹ̀. Màámi ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wa. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Birmingham ni wọ́n wà láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Scotland, ó wá kàn mí. Màámi ti pé ọdún 71. Kàtáráàtì wà lójú wọn méjèèjì, ìyẹn ni pé awò tó wà nínú ojú ti di kùrukùru. Dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún. Ti òsì ṣì wà lórí ìlà, a ń retí lẹ́tà.

Ní òru ọjọ́ kan nílé ẹ̀gbọ́n mi, Màámi dìde, wọ́n ń wá ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Ilẹ̀kùn funfun, férémù funfun, ògiri funfun. Wọ́n fọwọ́ tá ògiri títí, wọ́n rò pé àwọn ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi èjìká gbá etí ilẹ̀kùn, wọ́n sì ṣubú. Eegun kankan ò ṣẹ́, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀dà yàrá yìí kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà.

Àwọ̀ méjì ló kù lẹ́yìn tí a ti sọ gbogbo ìyókù nù. Ìyá Ìbejì fẹ́ èyí tó funfun, tí búlúù díẹ̀ wà nínú rẹ̀, “kí yàrá lè mọ́lẹ̀ dáadáa.” Èmi fẹ́ èyí tó dà bíi gàrí tí wọ́n fi epo díẹ̀ yan. Orúkọ tí wọ́n kọ sára agolo ọ̀dà wọ̀nyí gùn, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà a sọ wọ́n lórúkọ tiwa: Ẹfun àti Gàrí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá nílẹ̀ òkèèrè, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé orúkọ àwọ̀ mẹ́ta ló gbòòrò jù lọ ní èdè wa: funfun, dúdú, pupa. Ìyókù, a máa ń fi ohun tó ní àwọ̀ náà pè é ni: àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, àwọ̀ aró, ẹsẹ̀ àlùkò. Gàrí elépo tí ẹ̀yin máa pè ní yẹ́lò, “gàrí pupa” ni Màámi ń pè é, wọn ò sì ṣàṣìṣe. Kì í ṣe pé ojú wọn ò rí ìyàtọ̀ láàárín ata àti gàrí. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ ìyàtọ̀ náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n á fi tì í lẹ́yìn: ata pọ́n, ó pupa fòò, gàrí pupa rúsúrúsú. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ funfun báláú yàtọ̀ sí aṣọ tó kàn funfun. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé àwọ̀ fún Màámi lórí fóònù, irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ràn mí lọ́wọ́. Orúkọ ara agolo ò wúlò rárá.

Nǹkan mìíràn tó wúlò ni nọ́ńbà. Nínú ìwé àpèjúwe ọ̀dà, ẹ wá lẹ́tà mẹ́ta yìí: LRV. Ó ń sọ iye ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀dà náà ń dá padà nínú ọgọ́rùn-ún. Òdo ni dúdú tó gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ mì. 100 ni funfun tó dá gbogbo rẹ̀ padà. Kò sí ọ̀dà gidi kan tó dé ìkángun méjèèjì. Ẹfun jẹ́ 84, Gàrí sì jẹ́ 68.

Kí ló tilẹ̀ ń mú kí ọ̀dà funfun? Ẹ mú hóró iyọ̀ kan, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: ó mọ́ gaara bíi dígí. Ẹ wá da iyọ̀ náà jọ sínú abọ́: funfun báláú. Kò sí ohun funfun kankan nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ máa ń yà díẹ̀ nígbàkígbà tó bá kúrò nínú afẹ́fẹ́ bọ́ sínú hóró iyọ̀, tàbí tó bá tún jáde. Hóró pọ̀, ìmọ́lẹ̀ yà síhìn-ín, ó yà sọ́hùn-ún, títí ó fi padà jáde sójú wa pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè nínú rẹ̀. Ìfófò ọṣẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ọ̀dà òde òní ni titanium dioxide. Bí ohun kan bá ṣe lágbára tó láti yí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà, a ní nọ́ńbà tí a fi ń wọ̀n ọ́n: ti lẹ́búlẹ́bú yìí tó nǹkan bí 2.7, ti oje tó so ọ̀dà pọ̀ ò ju nǹkan bí 1.5 lọ. Ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàárín méjèèjì ló jẹ́ kí ìpele ọ̀dà tó fẹ́lẹ́ bíi bébà lè bo ògiri dúdú mọ́lẹ̀. Kó tó di pé titanium gbòde ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, òjé ni wọ́n ń lò, májèlé gidi sì ni fún ọmọdé. Bí ilé yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́ ṣáájú nǹkan bí ọdún 1970, ẹ má ṣe fi páálí iyanrìn ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ o. Ẹ kọ́kọ́ ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ òjé wò. Ilé tiwa ti lé ní ọgọ́rin ọdún, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ó dáa, 84 àti 68. Ìyá Ìbejì rí nọ́ńbà yìí, ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Tèmi mọ́lẹ̀ jù.” Òótọ́ ni. Ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í lu ògiri lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó máa ta láti ògiri yìí sí ìkejì, sí àjà, sí ilẹ̀, ó tún padà. Ká ní yàrá kan wà tí gbogbo inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀dà kan náà, láìsí fèrèsé, láìsí ibùsùn. Tí ọ̀dà náà bá ń dá 0.84 padà, àpapọ̀ gbogbo ìtapadà wọ̀nyẹn á sọ ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ di ìlọ́po 1 ÷ (1 − 0.84), ìyẹn 6.25. Ti Gàrí á jẹ́ 1 ÷ (1 − 0.68), ìyẹn 3.125. Ìlọ́po méjì géérégé ni Ẹfun fi jù ú lọ!

Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé inú irú yàrá bẹ́ẹ̀? Mo wọn yàrá Màámi. Ògiri kó ju díẹ̀ lé ní ìdajì gbogbo ojú inú rẹ̀ lọ. Ìyókù ni kápẹ́ẹ̀tì, kọ́tìnì, ibùsùn, àjà àti fèrèsé. Nígbà tí mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí mo fojú bu iye tí àwọn ìyókù ń dá padà, ìpíndọ́gba yàrá náà jẹ́ 0.64 pẹ̀lú Ẹfun, 0.55 pẹ̀lú Gàrí. Ìlọ́po 2.8 nìyẹn, àti 2.2. Ẹfun á fún yàrá náà ní ìmọ́lẹ̀ tó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ju ti Gàrí lọ. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ìtapadà yìí kan náà ló ń fa ohun tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: àwọ̀ tó rọra wà lórí páálí kékeré ní ṣọ́ọ̀bù, tó bá ti bo ògiri mẹ́rin, ó di aláriwo. Ẹ wo Gàrí. Ká ní ó ń dá 0.85 nínú ìmọ́lẹ̀ pupa padà, àti 0.70 nínú búlúù. Ìtapadà kan, pupa fi 1.21 ju búlúù. Méjì, 1.47. Mẹ́ta, 1.79. Bó ti ń ta padà ni àwọ̀ rẹ̀ ń le sí i. Ìdí nìyí tí àwọn akunlé àgbà fi máa ń sọ pé kí o mú èyí tó fẹ́lẹ́ ju èyí tí o fẹ́ràn lórí páálí lọ. Wọn ò ṣírò nǹkan kan, wọ́n kàn ti fojú rí i.

Ojú wa náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń ka nọ́ńbà. Ọ̀dà tí LRV rẹ̀ jẹ́ 50 kì í dà bí ìdajì láàárín dúdú àti funfun. Ó ṣì jọ funfun. Èyí tó jọ ìdajì lójú wa jẹ́ nǹkan bí 18 péré. Ní ọdún 1976, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, CIE, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tó tẹ̀ lé bí ojú ṣe ń ríran. Lórí òṣùwọ̀n náà, Ẹfun jẹ́ 93, Gàrí 86. Ìṣísẹ̀ 7 péré. Ṣùgbọ́n ẹ mú ìyàtọ̀ 16 kan náà lọ sápá ibi tó ṣókùnkùn, láti LRV 2 sí 18: ìṣísẹ̀ 34 nìyẹn! Nítorí náà, tí ẹ bá ń fi ọ̀dà dúdú méjì wéra, ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kékeré nínú LRV. Láàárín ọ̀dà funfun méjì, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín.

Báyìí, ibo ni ìmọ́lẹ̀ náà ti ń wá? Fèrèsé yàrá Màámi kọjú sí àríwá. Níhìn-ín, oòrùn ò wọlé láti fèrèsé àríwá, àfi díẹ̀ ní àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run nìkan ló ń wọlé, ó sì ní búlúù nínú. A máa ń fi Kelvin wọn èyí: àbẹ́là tó nǹkan bí 1,900, gílóòbù àtijọ́ 2,700, oòrùn ọ̀sán nǹkan bí 5,500, ojú ọ̀run tó mọ́ lè kọjá 10,000. Nọ́ńbà kékeré ló pupa, nọ́ńbà ńlá ló jẹ́ búlúù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé búlúù yẹn la máa ń pè ní àwọ̀ tútù.

Ẹ má ṣe gbé òfin fèrèsé àríwá yìí lọ sílé o. Manchester wà ní ìwọ̀n 53 sí àríwá ilà agbedeméjì ayé. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán ò ga ju nǹkan bí ìwọ̀n 13 lọ. Ńṣe ló dà bíi pé ó ń rákò lórí òrùlé aládùúgbò. Ìbàdàn wà ní ìwọ̀n 7 péré, oòrùn oṣù Kejìlá níbẹ̀ ṣì ń ga tó 59. Kódà láti àárín oṣù Kẹrin títí di òpin oṣù Kẹjọ, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá lórí Ìbàdàn. Ìyẹn ni pé fèrèsé àríwá tó jẹ́ tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn òkùnkùn níhìn-ín, oòrùn lè wọ ibẹ̀ nílé ní oṣù Kẹfà. Ilé tí mo dàgbà sí, ọ̀dà tó fẹ́lẹ́ ló wà lókè ògiri, ọ̀dà elépo tó dúdú ló wà nísàlẹ̀ títí dé ìbàdí, kí ọwọ́ àwa ọmọdé má baà hàn. Kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá yàrá máa ṣókùnkùn. Ooru ló ń bà wá nínú jẹ́, kì í ṣe òkùnkùn.

Nítorí náà, bí a bá kun Ẹfun, tó ti ní búlúù tẹ́lẹ̀, sínú yàrá tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ búlúù nìkan ló ń wọ̀ ọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Èmi gbà pé ó máa dà bí eérú. Ìyá Ìbejì ní mi ò ní ẹ̀rí. Ó tọ́.

Mo ṣe ohun tí ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ṣe, mo sì fi àìgbọ́n ṣe é. Mo ya fọ́tò páálí méjèèjì pẹ̀lú fóònù, mo kọ ètò kékeré kan tó ń ṣírò ìpíndọ́gba àwọ̀ inú fọ́tò. Ó jáde pé Ẹfun àti Gàrí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Mo tún un yà, ọ̀kan náà ni. Ìyá Ìbejì dúró lẹ́yìn mi, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ ò kúkú fi ojú wò ó?”

Fóònù ò ṣàìsàn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Tí ẹ bá gbé ògiri kan ṣoṣo síwájú kámẹ́rà, kò mọ̀ bóyá ògiri ló jẹ́ pupa rúsúrúsú ni àbí iná yàrá. Ó máa ń gbà pé iná ni, ó sì yọ àwọ̀ náà kúrò. Bákan náà, ó máa ń gbìyànjú láti mú gbogbo fọ́tò wá sí àárín láàárín dúdú àti funfun, nítorí náà ìyàtọ̀ 84 àti 68 pòórá. Ká tilẹ̀ sọ pé fọ́tò tọ̀nà, ojú kọ̀ǹpútà ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ jáde, ọ̀dà sì ń yá ìmọ́lẹ̀ lò ni. Àwọ̀ 16,777,216 tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi, kò sí ọ̀kan tó mọ̀ pé fèrèsé mi kọjú sí àríwá.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é bó ṣe yẹ. A ra agolo kékeré méjì. A kùn wọ́n sórí páálí ńlá méjì, ẹ̀ẹ̀mejì ìkọ̀ọ̀kan, a sì fi etí funfun sílẹ̀ yí i ká. A dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n gbẹ: ọ̀dà olómi máa ń mọ́ jù nígbà tó bá ṣì tutù, nítorí oje rẹ̀ dà bíi wàrà, tó bá gbẹ, oje náà á mọ́ gaara, àwọ̀ á sì ṣókùnkùn díẹ̀. Kí ló dé tí a ò kùn ún sára ògiri tààrà? Nítorí pé àwọ̀ ewé tó le ni ògiri náà tẹ́lẹ̀, àwọ̀ kan sì máa ń ba ojú jẹ́ fún ìkejì tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́místrì ará Faransé, ló kọ̀wé ńlá lórí èyí ní ọdún 1839. Òun ló ń darí iṣẹ́ aró ní ilé ìhunṣọ Gobelins ní Paris, àwọn ènìyàn sì ń ráhùn pé òwú dúdú rẹ̀ ò dúdú tó. Ó yẹ aró náà wò, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Òwú búlúù tí wọ́n hun mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń mú un ṣá lójú. Ẹni tó bá ti yan òwú fún aṣọ òkè rí mọ ohun tí mo ń sọ: òwú kan náà, tí ẹ bá yí aládùúgbò rẹ̀ padà, ó di òwú mìíràn.

A gbé àwọn páálí náà káàkiri ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: aago mẹ́jọ àárọ̀, ọ̀sán, aago mẹ́rin, àti alẹ́ nígbà tí iná bá wà. Ọjọ́ kẹta ni Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ pè mí. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí òjò ń ṣú, Ẹfun ti di àwọ̀ eérú níhà fèrèsé. Gàrí ló wá funfun! Ó funfun bíi ti ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ silẹ̀. Búlúù ojú ọ̀run ti pa díẹ̀ lára pupa rẹ̀. Ní alẹ́, lábẹ́ gílóòbù tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,700, ọ̀rọ̀ yí padà: Ẹfun dára, Gàrí fẹ́rẹ̀ẹ́ di epo pupa.

Gílóòbù LED náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Nínú púpọ̀ nínú wọn, iná búlúù ló wà níbẹ̀, wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò bò ó, àpapọ̀ wọn ló jọ funfun. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta tó ṣe iná búlúù yẹn jáde, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014. Ṣùgbọ́n funfun yìí ò kún bíi ti oòrùn. Àwọn ibì kan wà nínú òṣùmàrè rẹ̀ tí kò lágbára. Ọ̀dà àti kọ́tìnì tó bára mu pátápátá nínú ṣọ́ọ̀bù lè kọ ara wọn sílẹ̀ nílé. Tí ẹ bá ń ra gílóòbù, ẹ wo CRI lára páálí rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ 80; ẹ wá 90 sókè. A ra èyí tó jẹ́ 90, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,000. Iná 1,500 lumen ni, nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ 800. Ẹ rántí ìdá kan nínú mẹ́rin tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn? Gílóòbù kan ṣoṣo ti fún wa ní ìmọ́lẹ̀ alẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Àǹfààní tí Ìyá Ìbejì ń wá lára Ẹfun, a rà á ní owó táṣẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a mú Màámi wá wo yàrá. Mo gbé páálí méjèèjì kalẹ̀. Mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ bo ojú òsì, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí.”

Wọ́n bò ó. Wọ́n wo Ẹfun. “Àkànní, èyí tutù. Ó dà bíi wọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé mi sí.” Wọ́n wo Gàrí: “Èyí pupa rúsúrúsú. Ó dára.”

“Ẹ wá bo ojú ọ̀tún.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ṣé o ti gbé ọ̀kan kúrò níbẹ̀ ni? Ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì.”

Mo ti kà nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ. Bí a ti ń dàgbà, awò inú ojú máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ọmọlójú náà sì ń kéré sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ẹ̀yìn ojú ẹni 60 ọdún jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ń dé ti ẹni 20 ọdún. Tí kàtáráàtì bá wá dé, awò náà á di kùrukùru, á tún pọ́n sí i, ìmọ́lẹ̀ búlúù ló sì máa ń kọ́kọ́ gbé mì. Ojú òsì Màámi ti jẹ gbogbo búlúù tó wà lára Ẹfun, ìdí nìyẹn tó fi jọ Gàrí. Ojú ọ̀tún wọn, tí dókítà ti yọ awò àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀, tó fi tuntun tó mọ́ gaara sí i, ń rí búlúù tí wọn ò rí láti ọdún pípẹ́. Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé, bá irú èyí pàdé. Àwọn àwòrán tó yà kó tó ṣe iṣẹ́ abẹ ní ọdún 1923 kún fún pupa àti àwọ̀ ilẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ráhùn pé búlúù ti pọ̀ jù.

Èyí ló parí iyàn wa. Ojú òsì náà máa di tuntun láìpẹ́, a ò gbọ́dọ̀ kun yàrá fún ojú tí dókítà fẹ́ pààrọ̀. Ojú ọ̀tún ló ń sọ bí ọjọ́ iwájú ṣe máa rí, ó sì ti ní Ẹfun tutù. Ìyá Ìbejì sọ pé, “Màámi, Gàrí ni, ẹ ti borí.” Màámi ní, “Ìyàwó mi, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o.”

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ńkọ́? Nítorí rẹ̀ ni gbogbo èyí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní Britain, ìlànà ìkọ́lé fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ sọ pé ó yẹ kí ìyàtọ̀ LRV láàárín ohun méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ògiri àti ilẹ̀kùn, tó 30, kí ẹni tí ojú rẹ̀ ò dára lè dá wọn mọ̀. Ilé wa kì í ṣe ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n mo fi nọ́ńbà náà wo tiwa. Ilẹ̀kùn funfun lásán jẹ́ nǹkan bí 85. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹfun, ìyàtọ̀ jẹ́ 1: ilẹ̀kùn pòórá, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nílé ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gàrí, ó jẹ́ 17. Kò tó! Èmi tí mo ti ń yọ̀ pé mo borí, ọ̀dà tèmi náà ò lè gba Màámi lọ́wọ́ ìṣubú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń jà lórí ògiri, nígbà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ló yẹ ká máa wò.

Mo béèrè àwọ̀ tí Màámi fẹ́ fún ilẹ̀kùn àti férémù rẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì: “Ẹ fi aró kùn ún. Àwọ̀ àdìrẹ ìyá mi, èyí tó rẹ dáadáa.” A rí aró kan tí LRV rẹ̀ jẹ́ 9. Sí Gàrí, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 59. A kun ilẹ̀kùn yàrá, férémù rẹ̀, àti ti ilé ìwẹ̀. A pààrọ̀ suwíìṣì iná funfun sí dúdú. Ọ̀dà ògiri, èyí tí kì í dán la rà, nítorí ohun tó bá ń dán máa ń ta ìmọ́lẹ̀ sí ojú oníkàtáráàtì, ó sì máa ń rẹ wọ́n.

Màámi ti lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú yàrá náà báyìí. Wọ́n ń dìde lóru, wọ́n ń lọ sí ilé ìwẹ̀, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lọ, mo máa ń gbọ́ ọ bọ̀. Lẹ́tà dókítà ti dé, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe ojú òsì. Mo ti fi páálí Ẹfun àti Gàrí pamọ́ sẹ́yìn wọ́ọ̀dúróòbù wọn. Tí wọ́n bá ti yọ báńdéèjì, màá tún gbé wọn kalẹ̀, màá ní kí wọ́n bo ojú ọ̀tún, kí n wá gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.